Ọdún Kan Pẹ̀lú Ilé Iṣẹ́ Tí Ó Ń Ṣe Ìṣirò Owó Oṣù fún Wa ní Òṣogbo

Aṣọ àdìrẹ ni ilé iṣẹ́ wa ń ṣe ní Òṣogbo, òṣìṣẹ́ 23 ni a sì ní. Ní èṣí, àwa olùdarí jókòó láti pinnu èyí tí a ó gbé fún ará ìta nínú iṣẹ́ wa, a sì gbé ìṣirò owó oṣù, owó orí àti owó ìfẹ̀yìntì lé ilé iṣẹ́ oníṣirò kan lọ́wọ́ ní agbègbè Òkè-Fìà.

Iye owó ni àwọn kan nínú wa kọ́kọ́ fẹ́ fi ṣe òṣùwọ̀n, ṣùgbọ́n n kò fara mọ́ ọn. Mo bi wọ́n pé kí ni ó ń gbé oníbàárà wá sọ́dọ̀ wa, tí yóò fi pa dà lẹ́yìn wa bí ó bá bàjẹ́. Aró ni. Mímọ ìgbà tí aró gbó nínú ìkòkò, àti ọwọ́ tí ń fi ẹ̀kọ láfún ya ọnà sára aṣọ, kò gbọdọ̀ kúrò nínú ọgbà wa, ì báà jẹ́ pé ẹlòmíràn lè ṣe é ní ìdajì owó. Nígbà tí Kodak, ilé iṣẹ́ ńlá kan ní Amẹ́ríkà, gbé iṣẹ́ kọ̀ǹpútà rẹ̀ fún IBM, ilé iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, ní ọdún 1989, ó ya ọ̀pọ̀ ọ̀gá ilé iṣẹ́ lẹ́nu. Síbẹ̀ fíìmù àti kámẹ́rà ni àwọn ènìyàn ń rà lọ́wọ́ Kodak, kò sí ẹni tí ó tìtorí kọ̀ǹpútà wá a.

Ti owó ìfẹ̀yìntì yàtọ̀, nítorí pé òfin ni ó ti là á sílẹ̀ bí a ó ti ṣe é. Òfin owó ìfẹ̀yìntì ọdún 2014 ní kí agbanisíṣẹ́ san ó kéré tán ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù, kí ó yọ ìdá 8 lára owó òṣìṣẹ́, kí ó sì fi gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ láàárín ọjọ́ iṣẹ́ 7 lẹ́yìn tí ó bá san owó oṣù. Ẹni tí ó bá pẹ́ yóò san ìtanràn tí kò gbọdọ̀ dín ní ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún gbèsè náà lóṣooṣù. Ẹni tí yóò dá aṣọ fún ni, ti ọrùn rẹ̀ là á wò: kí a tó fọwọ́ sí ìwé àdéhùn, mo ní kí wọ́n fi ìwé ẹ̀rí owó ìfẹ̀yìntì àwọn òṣìṣẹ́ tiwọn hàn mí, wọ́n sì mú un wá lọ́jọ́ kejì.

N60,000 ni a ń san fún ilé iṣẹ́ oníṣirò náà lóṣù, èyí tí kò tó N70,000 tí ìjọba àpapọ̀ fi lélẹ̀ ní ọdún 2024 gẹ́gẹ́ bí owó oṣù tí ó kéré jù lọ fún òṣìṣẹ́ kan. Owó oṣù kò pẹ́ rí, owó orí àwọn òṣìṣẹ́ sì ń dé ọ̀dọ̀ ìjọba ṣáájú ọjọ́ kẹwàá oṣù tí ó tẹ̀ lé e. Ṣùgbọ́n wọ́n gbàgbé orúkọ òṣìṣẹ́ tuntun méjì nínú owó ìfẹ̀yìntì fún oṣù mẹ́ta gbáko. Ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ náà ni ó rí i lórí fóònù rẹ̀ tí ó sì wá bá mi pẹ̀lú ìbànújẹ́, ojú sì tì mí gidigidi. Wọ́n tún un ṣe láàárín ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n sì san ìtanràn rẹ̀. Síbẹ̀, àwa ni òfin mọ̀ ní agbanisíṣẹ́, ọrùn wa ni ẹ̀bi náà ìbá sì wà. Láti ìgbà náà, akọ̀wé wa ń fi orúkọ kọ̀ọ̀kan wé ìwé ìsanwó lóṣooṣù.

Iṣẹ́ dídá oníbàárà lóhùn lórí fóònù, tí a gbé fún àwọn mìíràn, ni àṣìṣe tiwa. Àwọn tí ń gbé fóònù kò mọ ìyàtọ̀ láàárín àdìrẹ ẹlẹ́kọ àti àdìrẹ oníko, oṣù kẹrin ni a sì gbà á pa dà.

A ti tún àdéhùn ìṣirò owó oṣù ṣe fún ọdún kan sí i, pẹ̀lú gbólóhùn tuntun kan: kí ẹ̀dà gbogbo àkọsílẹ̀ máa wà lọ́wọ́ wa, kí a lè gba iṣẹ́ náà pa dà nígbàkígbà.