Ẹ̀ka ìtọ́jú ọpọlọ kan ní Àkúrẹ́ fún ẹni tí ọkàn rẹ̀ kì í balẹ̀

Ẹ̀ka ìtọ́jú ọpọlọ tí ó wà nínú ilé ìwòsàn ìjọba kan ní Àkúrẹ́ ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí. Èmi ni mo máa ń sin àbúrò mi obìnrin lọ síbẹ̀, ẹni tí ó ń ránṣọ nítòsí Ọjà Ọba, tí ó sì ti gbà kí n kọ èyí. Ìtọ́jú wọn dára ju bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe rò lọ, ṣùgbọ́n ètò tí ó yí ìtọ́jú náà ká kò tíì dára tó.

Kí a tó dé ọ̀dọ̀ wọn, ẹ̀jẹ̀ ríru ni àwọn tí ó yí àbúrò mi ká ń pè é. Àyà rẹ̀ máa ń lù kì-kì-kì, orí rẹ̀ máa ń gbóná, ọwọ́ rẹ̀ á máa gbọ̀n débi pé kò ní lè ki òwú bọ ojú abẹ́rẹ́, bí ilẹ̀ bá sì ṣú, oorun kò ní wá. Wọ́n ta oògùn ibà fún un ní kẹ́míìsì, wọ́n ta ti taifọ́ọ̀dù, nígbà tí ó yá ẹnìkan fún un ní Lexotan pé kí ó máa fi sùn. Àwọn kan nínú ẹbí ní ayé ni ó ń ṣe é. Ẹ̀rù ń bà á láti lọ rí dókítà ọpọlọ, nítorí pé nílẹ̀ wa, bí wọ́n bá ti gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, Àrò ni gbogbo ènìyàn ń rántí, wọn á sì máa wo ẹni náà bí ẹni tí ó kù díẹ̀ kí ó wọjà.

Ohun àkọ́kọ́ tí mo yìn wọ́n fún ni pé wọn kò sáré sọ pé àníyàn ni àìsàn náà. Wọ́n wọn ìfúnpá rẹ̀, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, wọ́n sì fi ẹ̀rọ wo bí ọkàn rẹ̀ ṣe ń lù, nítorí pé àìtó ẹ̀jẹ̀, tàbí ẹṣẹ́ ọrùn (thyroid) tí ó ń ṣiṣẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ, lè mú kí àyà ènìyàn máa lù, kí ara rẹ̀ sì máa gbọ̀n, gẹ́gẹ́ bí àníyàn ti ń ṣe é. Wọ́n bi í bóyá ó máa ń mu kọfí tàbí àwọn ohun mímu inú agolo tí àwọn ọ̀dọ́ fi ń ṣàìsùn. Ìgbà tí èsì gbogbo rẹ̀ jáde tí kò sí àléébù ni nọ́ọ̀sì tó mú ìwé ìbéèrè jáde.

GAD-7 ni orúkọ ìwé náà, òun ni wọ́n fi ń wọn bí àníyàn ènìyàn ṣe pọ̀ tó; Robert Spitzer, dókítà ọpọlọ ará Amẹ́ríkà, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ni wọ́n gbé e jáde ní ọdún 2006. Ìbéèrè 7 péré ni ó wà nínú rẹ̀, ọ̀sẹ̀ méjì tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá ni wọ́n sì ń béèrè nípa rẹ̀: bóyá ọkàn rẹ kò balẹ̀, bóyá o kò lè dá àníyàn dúró, bóyá o ń ṣe àníyàn lórí oríṣiríṣi nǹkan, bóyá ara rẹ kò rọlẹ̀, bóyá o kò lè jókòó sójú kan, bóyá inú tètè ń bí ọ, àti bóyá ẹ̀rù ń bà ọ́ bí ẹni pé láburú kan fẹ́ ṣẹlẹ̀. Ìdáhùn kọ̀ọ̀kan ní àmì láti 0 dé 3. Bí àròpọ̀ rẹ̀ bá tó 10, ó yẹ kí dókítà yẹ ẹni náà wò dáadáa; bí ó bá tó 15, ó ti le gan-an.

Nọ́ọ̀sì náà kò gbé ìwé lé e lọ́wọ́. Ó ń bi í léèrè lọ́kọ̀ọ̀kan ní Yorùbá tí ó já gaara. Nígbà tí ó dé orí èyí tí ó jẹ mọ́ jíjókòó sójú kan, orúnkún àbúrò mi ń lu abẹ́ tábìlì, nọ́ọ̀sì sì gbé bírò sílẹ̀, ó dúró dè é. Ní ti ìbéèrè tí ó kẹ́yìn, èsì rẹ̀ ni pé, “Ojoojúmọ́ ni, mà. Bí fóònù bá ti dún, òkú ni mo ti ń rò.” N kò gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ rí kí ó tó di ọjọ́ náà.

Àbùkù kan wà lára ìwé náà, mo sì fẹ́ kí àwọn tí ń lò ó kíyè sí i. Kò béèrè nípa àyà tí ń lù, kò béèrè nípa orí gbígbóná, bẹ́ẹ̀ sì ni ohun tí àwọn ènìyàn wa máa ń kọ́kọ́ rò fún dókítà nìyẹn. Nọ́ọ̀sì yìí fi tirẹ̀ kún un: “Orí ńkọ́, àǹtí? Kì í gbóná?” Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ ti wá tú jáde. Ilé ìwòsàn tí ó bá kàn ní kí ènìyàn kún ìwé náà kí ó sì dá a padà lè máà rí ohun tí wọ́n rí.

Dókítà kọ sertraline, oògùn tí ń dín àníyàn kù, fún un, ó sì ṣàlàyé pé ó lè gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí ó tó ṣiṣẹ́, pé èébì lè máa gbé e ní ìbẹ̀rẹ̀, àti pé kò gbọdọ̀ dá a dúró lójijì. Ní ti Lexotan, ó ní ó máa ń di bárakú, díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n sì ń dín in kù. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá bi mí, ọ̀dọ̀ obìnrin kan ní ẹ̀ka náà, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti máa fi ọ̀rọ̀ sísọ tọ́jú aláìsàn, ni ìrànlọ́wọ́ tí ó pọ̀ jù ti wá. Àbúrò mi ti pa Ọjà Ọba tì pátápátá nítorí pé èémí máa ń há a láàárín èrò. Obìnrin náà ní kí ó lọ dúró sí ẹnu ọjà ní àárọ̀ kùtùkùtù, kí ó máa mí síta pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kí ó má sì kúrò níbẹ̀ títí ẹ̀rù náà yóò fi lọ sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn náà kí ó wọlé dé ìsọ̀ olówùú, kí ó tó wá di pé ó ń lọ ní ọ̀sán gangan. Ó tún ní kí ó máa kọ ohun tí ó ń bẹ̀rù sílẹ̀ kí ó tó jáde, kí ó sì kọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ gan-an nígbà tí ó bá padà dé.

Ní ti àléébù, gbangba ni wọ́n ti ń pe orúkọ ènìyàn, ilẹ̀kùn yàrá dókítà kì í sì í padé dáadáa, èyí tí kò yẹ níbi tí irú ọ̀rọ̀ báyìí ti ń jáde. A máa ń jókòó pẹ́ púpọ̀. Oògùn kì í sí lọ́dọ̀ wọn nígbà gbogbo, a sì ní láti lọ rà á níta ní owó gọbọi. Ẹni tí ń bá àwọn aláìsàn sọ̀rọ̀ kò tó èrò rárá, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni ó yẹ kí ìjọba kọ́kọ́ fi ènìyàn kún.

Ẹni tí ó ń bẹ̀rù pé wọn yóò tì í mọ́lé kí ó fọkàn balẹ̀ lórí ìyẹn: ilé ni a ń sùn, ilé ni a ti ń wá. Òfin tuntun lórí ìlera ọpọlọ tí Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí, tí a kéde ní oṣù Kìíní ọdún 2023, ti rọ́pò òfin àtijọ́ ti 1958, ó sì dá ẹ̀tọ́ aláìsàn mọ̀.

Ẹ kó gbogbo oògùn tí ẹ ń lò dání bí ẹ bá ń lọ, títí kan àgbo. Bí ó bá jẹ́ pé àyà ni ó ń dun ènìyàn tí ìrora náà sì ń gba apá tàbí àgbọ̀n, ẹ má mú un lọ sí ẹ̀ka yìí, ẹ̀ka pàjáwìrì ni kí ẹ gbé e lọ. Ibẹ̀ náà ni kí ẹ mú ẹni tí ó bá ń sọ pé ikú yá òun jù lọ, lọ́jọ́ náà gan-an, láìdúró de ọjọ́ tí wọ́n kọ sí káàdì rẹ̀.