Kíláàsì gbólóhùn híhun kan ní Bódìjà: ohun tí owó mi rà àti ohun tí kò rà

Ní ọjọ́ kìíní tí ọmọ mi obìnrin lọ sí kíláàsì yìí, olùkọ́ wọn kọ gbólóhùn kan sí ojú pátákó, ó sì ní ẹnikẹ́ni tí ó bá tún lò ó láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ yóò gbá ilẹ̀ kíláàsì. Gbólóhùn náà ni èyí tí gbogbo wa fi ń parí àríyànjiyàn nílé ẹ̀kọ́, láti ìgbà tiwa títí di òní: pé a lérò pé ìwọ̀nba kókó tí a sọ wọ̀nyí ti yí ìgbìmọ̀ adájọ́ lọ́kàn padà, kò sì dà wọ́n lọ́kàn rú. Ọmọ mi fi ẹ̀rín ròyìn rẹ̀ nígbà tí ó dé ilé, ṣùgbọ́n èmi kò rẹ́rìn-ín, nítorí èmi gan-an ni mo kọ́ ọ ní gbólóhùn náà nígbà tí ó wà ní JSS1, tí ó fẹ́ lọ gbèjà àgbẹ̀ pé ó sàn ju olùkọ́ lọ.

Kíláàsì ọjọ́ Àbámẹ́ta ni. Ó wà lórí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ní Bódìjà, nílùú Ìbàdàn, wọ́n sì ń ṣe é láti aago mẹ́sàn-án àárọ̀ sí aago méjìlá ọ̀sán fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ. ₦32,000 ni mo san. Àwọn ọmọ SS1 sí SS3 ni wọ́n ń gbà, ohun tí wọ́n sì polówó ni pé àwọn yóò kọ́ ọmọ bí a ṣe ń fi ọ̀rọ̀ yí ènìyàn lọ́kàn padà àti bí a ṣe ń hun gbólóhùn tí ó dùn-ún gbọ́. N kò ní dárúkọ ibẹ̀, torí pé àléébù wà nínú ohun tí mo fẹ́ sọ, n kò sì fẹ́ da yẹ̀pẹ̀ sí gààrí olùkọ́ kan tí mo bọ̀wọ̀ fún.

Ìdí tí mo fi san owó náà kò ju ìdánwò lọ. Nínú Gẹ̀ẹ́sì tí àjọ WAEC ń ṣe, máàkì 50 ni wọ́n ń fún àròkọ: 10 fún kókó ọ̀rọ̀, 10 fún bí a ṣe tò ó, 20 fún ìlò èdè, 10 tí ó kù sì jẹ́ ti gírámà, àmì àti àkọtọ́. Ẹni tí ó bá wo ìpín yìí dáadáa yóò rí i pé bí ọmọ ṣe sọ ọ̀rọ̀ gba ìlọ́po méjì ohun tí ó sọ. Síbẹ̀, kókó ni wọ́n máa ń kọ sójú pátákó fún wọn nílé ẹ̀kọ́ kí wọ́n dà á kọ, n kò sì tíì rí ìwé ọmọ mi kan tí olùkọ́ ti sọ fún un pé gbólóhùn báyìí ti gùn jù, tàbí pé mẹ́ta wọ̀nyí ìbá dára jù bí wọ́n bá di ọ̀kan.

Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́, kíláàsì náà kò sọ nǹkan kan nípa àríyànjiyàn. Gbólóhùn nìkan ni wọ́n ń ṣe. Olùkọ́ yóò fún wọn ní kéékèèké mẹ́fà tàbí méje: òjò rọ̀, Dùgbẹ̀ ni ó ti rọ̀, àwọn oníṣòwò kó ọjà wọn, ìyá kan kò tètè kó tirẹ̀, aṣọ ni ó ń tà, aṣọ náà rẹ. Wọn yóò sọ gbogbo rẹ̀ di ẹyọ kan, wọn yóò tún sọ ọ́ di méjì, wọn yóò sì kà á sókè kí gbogbo kíláàsì gbọ́. Olùkọ́ kì í bi wọ́n pé èwo ni ó tọ̀nà, torí pé gírámà gba gbogbo wọn. Ohun tí ó máa ń bèèrè ni pé bí gbólóhùn náà bá parí, ta ni òǹkàwé yóò rántí, òjò ni tàbí ìyá aláṣọ. Ọmọ mi wá mú un délé pé nínú Gẹ̀ẹ́sì, ìparí gbólóhùn ni ọ̀rọ̀ ti máa ń wúwo jù, nítorí náà kí a má ṣe fi ọ̀rọ̀ tí kò ní láárí parí rẹ̀. Mo bi í pé Yorùbá ńkọ́. Kò mọ̀. Mo ní kí ó wo "Ìyá náà ta aṣọ" àti "Aṣọ ni ìyá náà ta": ohun tí a fẹ́ tẹnu mọ́, iwájú ni a ń gbé e sí, tí "ni" yóò sì tẹ̀ lé e. SS2 ni ó wà. Ó ti kọ́ gbólóhùn àkíyèsí alátẹnumọ́ nínú iṣẹ́ Yorùbá, ó sì ti gba máàkì lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó sọ fún un rí pé ohun ìjà ni.

Ọ̀sẹ̀ kẹta ni wọ́n fi wo gígùn àti kíkúrú. Olùkọ́ sọ ìtàn Gettysburg fún wọn, ní Amẹ́ríkà, ní ọjọ́ 19 oṣù kọkànlá ọdún 1863, níbi tí wọ́n ti ń ya itẹ́ òkú àwọn ọmọ ogun sí mímọ́. Edward Everett, ẹni tí wọ́n kà sí àgbà sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ nígbà náà, sọ̀rọ̀ fún nǹkan bí wákàtí méjì. Abraham Lincoln, ààrẹ Amẹ́ríkà nígbà náà, dìde lẹ́yìn rẹ̀, gbogbo ohun tí ó sọ kò sì tó ọ̀rọ̀ 300. Ti Lincoln ni àwọn ọmọ iléèwé ṣì ń há sórí. Ìtàn tí àwọn olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì fẹ́ràn ni, ó sì rọrùn láti ṣì í lò, bí ẹni pé kí ọ̀rọ̀ ṣáà ti kúrú ni. Olùkọ́ yìí kò dúró síbẹ̀. Ó fi hàn wọ́n pé gbólóhùn tí Lincoln fi kádìí ọ̀rọ̀ náà ni ó gùn jù nínú gbogbo rẹ̀, àti pé àwọn kúkurú tí ó wà níwájú rẹ̀ ni ó la ọ̀nà fún un. Ó wá ní kí oníkálùkù kọ ìpínrọ̀ kan nípa ọkọ̀ wíwọ̀ láti Sángo dé Dùgbẹ̀, kí gbólóhùn mẹ́rin kúrú, kí ìkarùn-ún gùn. Ti ọmọ mi wà lọ́wọ́ mi. Gbólóhùn gígùn rẹ̀ ń sáré bí Micra tí bíréèkì rẹ̀ kò dá èrò lójú, ṣùgbọ́n ó dúró síbi tí ó yẹ kí ó dúró. Bí ó bá jẹ́ pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yìí nìkan ni mo sanwó fún, n kò ní ní ohun kan láti ráhùn lé lórí.

Láti ọ̀sẹ̀ kẹrin ni wọ́n ti bọ́ sí ọ̀rọ̀ ìyínilọ́kànpadà. Ọ̀dọ̀ Aristotle, ọ̀mọ̀ràn ilẹ̀ Gíríìsì tí ó kú ní ọdún 322 ṣáájú ìbí Kristi, ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú ọ̀nà mẹ́ta tí ó là sílẹ̀: ethos, èyí tí í ṣe ìwà sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ tí ó ń mú kí a gbà á gbọ́, pathos, èyí tí ó ń wọ olùgbọ́ lọ́kàn, àti logos, ọgbọ́n inú ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀. Kò ṣàjèjì sí wa. Àgbà tí ó bá ń làjà láàárín lọ́kọláya yóò kọ́kọ́ rán wọn létí ẹni tí òun jẹ́ sí wọn, yóò fi àwọn ọmọ bẹ̀ wọ́n, kí ó tó wá sọ ẹni tí ó jẹ̀bi. Ibi tí kíláàsì náà ti ṣì í ni pé wọ́n sọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta di ohun tí à ń wá kiri. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni àwọn ọmọ fi wo ìpolówó ọṣẹ àti ti fóònù, tí wọ́n ń fi bírò aláwọ̀ mẹ́ta fa ìlà sí ìdí èyí tí ó jẹ́ pathos àti èyí tí ó jẹ́ logos, bí ẹni tí ń ṣa ìgbín. Kò sí ẹni tí ó ní kí wọ́n sè é.

Ọjọ́ kan ṣoṣo ni ó yàtọ̀ láàárín rẹ̀. Olùkọ́ mú ọ̀rọ̀ Adégòkè Adélabù wọ kíláàsì, ọmọ Ìbàdàn, òṣèlú tí ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ, tí ó kú nínú ìjàm̀bá ọkọ̀ ní ọdún 1958. Òun ni ó sọ "peculiar mess", ìyẹn rúdurùdu tí irú rẹ̀ ṣọ̀wọ́n, nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin, tí àwọn tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì gbà á lẹ́nu rẹ̀, tí wọ́n sọ ọ́ di pẹnkẹlẹmẹ́ẹ̀sì, tí ó sì di orúkọ tí a fi ń pè é. Àwọn ọmọ jíròrò ìdí tí ọ̀rọ̀ náà fi lẹ̀ mọ́ ènìyàn lẹ́nu, ọ̀kan nínú wọn sì ní ó ń dún bí ìgbà tí àwo bá fọ́ káàkiri ilẹ̀, pé ẹni tí kò mọ ìtumọ̀ rẹ̀ náà yóò mọ̀ pé nǹkan ti bàjẹ́. Ó dùn mí pé n kò sí níbẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo bi ọmọ mi pé kí ni Adélabù ń bá wọn jà lé lórí lọ́jọ́ náà, kò mọ̀, ó sì ní ẹnikẹ́ni kò bèèrè. Ohun tí mo ń wí gan-an nìyí: wọ́n kọ́ àwọn ọmọ láti fẹ́ràn ọ̀rọ̀ tí ó ń dán, wọn kò kọ́ wọn láti bi í pé ẹjọ́ wo ni ó wá rò.

Èyí tí ó bí mi nínú jù ni ọwọ́ tí wọ́n fi mú alátakò. Ọ̀sẹ̀ keje ni wọ́n tó dé ibẹ̀, ogún ìṣẹ́jú péré ni wọ́n sì lò, pé kí a dárúkọ èrò ẹnìkejì kí a sì fọ́ ọ. Àkòrí tí wọ́n fún ọmọ mi ni pé ilé ẹ̀kọ́ tí ọmọ ń ti ilé lọ sàn ju èyí tí ó ń gbé inú rẹ̀ lọ. Ó kọ ọ́ pé àwọn òbí tí ń kó ọmọ lọ sí ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń gbé inú rẹ̀ jẹ́ ọ̀lẹ. Mo bi í bóyá nọ́ọ̀sì tí ó ń ṣe iṣẹ́ òru ní ilé ìwòsàn UCH, tí kò ní ẹni tí yóò sun ilé ti ọmọ rẹ̀, ọ̀lẹ ni. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó wá ní, "Mọ́mì, ẹ má bínú, wọn ò ní ká ronú bíi tiwọn o. Wọ́n ní ká fọ́ ọ ni." Mo ní kí ó jókòó sídìí tábìlì ìjẹun, kí ó kọ gbólóhùn mẹ́ta tí nọ́ọ̀sì náà yóò kà tí yóò sì sọ pé, bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀rọ̀ mi nìyẹn. Ó gbà á tó wákàtí kan. Lẹ́yìn náà ni ó padà sórí àròkọ rẹ̀, tí ó yọ "ọ̀lẹ" kúrò láìjẹ́ pé mo sọ ọ́, tí ìyókù sì wá lágbára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Àwọn nǹkan yòókù kò pọ̀. Ọmọ mẹ́wàá ni wọ́n ṣèlérí pé yóò wà ní kíláàsì kan, ṣùgbọ́n mẹ́rìndínlógún ni wọ́n nígbà tí ó fi máa di ọ̀sẹ̀ kẹta. Ariwo jẹnẹrétọ̀ ilé tí ó kángun sí wọn kò dára fún kíláàsì tí wọ́n ti ń kàwé sókè. Olùkọ́ mọ iṣẹ́ àtúnṣe, torí pé pẹ́ńsù ni ó fi ń kọ ọ́ sí etí ìwé, àṣìṣe kan ṣoṣo ni ó sì ń lé lẹ́ẹ̀kan, ṣùgbọ́n ìwé máa ń pẹ́ kí ó tó padà, nígbà mìíràn ọ̀sẹ̀ méjì. Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni wọ́n fi ń ṣe é látòkè délẹ̀, èyí tí mo kà sí ìfiṣòfò níwájú àwọn ọmọ tí ń gbọ́ Yorùbá láti àárọ̀ dé alẹ́.

Mo padà lọ síbẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá nítorí àbúrò rẹ̀ ọkùnrin tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ SS1. Mo bi akọ̀wé wọn bóyá mo lè san owó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́ nìkan. Ó ní, "Ẹ má bínú mà, a kì í pín in." Mo san gbogbo rẹ̀. Bí ó bá ti di ọ̀sẹ̀ kẹrin, ìdí tábìlì ìjẹun ni èmi àti ọmọ náà yóò máa pàdé ní ọ̀sán ọjọ́ Àbámẹ́ta, lẹ́yìn tí ó bá ti jẹun tán.