Ẹkùn Tó Mu Omi Ẹ̀rọ Gbẹ

Ẹ̀gbẹ́ Ọjà Ọba ní Adó-Èkìtì ni mo ti ra ìwé yìí, lọ́wọ́ ẹnì kan tó ń ta ìwé tòkunbọ̀. ₦2,000 ló pè é, mo ná an dé ₦1,500. Mo délé kí n tó rí i pé sẹ́lótéèpù ló gbá ojú ewé tó kẹ́yìn mú. Ẹ máa tú u wò kí ẹ tó sanwó o.

The Tiger Who Came to Tea ni, iṣẹ́ Judith Kerr, àtọ̀rọ̀ àtàwòrán. 1968 ló jáde. Ẹkùn kan yọ sílé ọmọdébìnrin tó ń jẹ́ Sophie, ó ní ebi ń pa òun, wọ́n ní kó wọlé. Ó jẹ kéèkì, ó jẹ oúnjẹ alẹ́ tó wà lórí iná, ó mu bíà bàbá, ó wá mu omi ẹ̀rọ gbẹ.

Ibẹ̀ ni àwọn ọmọ kíláàsì mi ní Ìkẹ́rẹ́ ti bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀kan ní, "Àǹtí, ṣé omi ń yọ lẹ́nu ẹ̀rọ tiwọn ni?" Òmíràn ní èyí kì í ṣe ẹkùn: ara ẹkùn rí tótòtó, èyí kọlà láti orí dé ìrù. Ó jàre. Ẹranko Éṣíà nìyẹn, kò sí nígbó wa.

Àwòrán gan-an ni mo sanwó fún. Obìnrin yìí kò ya ògiri, kò ya fèrèsé púpọ̀. Ó fi ìwé sílẹ̀ ní funfun, kí ojú ọmọ lè wà lára ẹkùn. Sophie wọ aṣọ elésè àlùkò, ó rọ̀ mọ́ ẹranko ńlá náà bí ẹni rọ̀ mọ́ ìyá àgbà.

Berlin ni wọ́n bí Kerr sí ní 1923. Júù ni wọ́n, bàbá rẹ̀ sì ń fi kálàmù bá Hitler jà. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni nígbà tí wọ́n sá ní 1933; wọ́n gba Switzerland àti Faransé kí wọ́n tó dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1936. Àwọn kan ní ọlọ́pàá Hitler ni ẹkùn náà. Kerr ní rárá, ẹkùn ni, ìtàn tí òun ń pa fún ọmọ òun kó tó sùn. Mo gbà. Síbẹ̀, ẹ wo bí ilé ṣe ṣófo tí ẹ̀rù ò ba ẹnikẹ́ni.

Bàbá kó wọn lọ jẹ sọ́séèjì níta. Iyán àti ẹ̀fọ́ rírò ni mo kà sí wọn létí, kò sẹ́ni tó jà. Ojú ewé tó kẹ́yìn ti tún ya. Gbogbo wọn ló fẹ́ wò bóyá ẹkùn yóò padà wá.