Ìwé Rẹ́gè àti Rasta: Èwo Ni Kí Ẹ Fowó Rà?

Mo ti fìgbà kan ra ìwé méjì papọ̀, Bass Culture àti This Is Reggae Music, mo ní mo ti ṣọjà. Mo ṣí èkejì, àfi bíi pé mo ti kà á rí. Ìwé Lloyd Bradley kan ṣoṣo ni: orúkọ àkọ́kọ́ ni wọ́n fi tà á ní Britain lọ́dún 2000, wọ́n wá yí orúkọ padà fún Amẹ́ríkà. Ẹni tó tà á fún mi ò sọ̀rọ̀. Ọ̀kan ni kí ẹ rà, ṣùgbọ́n ẹ rà á o. Mi ò tíì rí ẹni tó là á yé mi bẹ́ẹ̀ rí, bí ska, orin Jàmáíkà tó ṣáájú, ṣe di rocksteady, tí rocksteady sì di rẹ́gè, láti ọ̀dọ̀ àwọn tó ń kó gbohùngbohùn ràgàjì lọ sóde ijó ní Kingston títí dé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ Jàmáíkà tó wà ní London.

Ní ti Bob Marley, ìwé méjì ló ń bá ara wọn du ipò. Timothy White gbé Catch a Fire jáde lọ́dún 1983, ọdún méjì lẹ́yìn ikú Bob. Bí àlọ́ ló ṣe sọ ọ́: Etiópíà ló ti bẹ̀rẹ̀, ó sì ń sọ ohun tí èèyàn ń rò nínú ọkàn rẹ̀ bí ẹni pé òun wà níbẹ̀. Ó dùn kà, àmọ́ ẹ má gba gbogbo rẹ̀ gbọ́. Ẹ̀dà tó dé kẹ́yìn ni kí ẹ wá, torí ìjà ogún wà nínú rẹ̀. Bob ò kọ ìwé ìhágún kó tó kú. Ti Roger Steffens, So Much Things to Say, tó jáde lọ́dún 2017, kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ó jẹ́ kí èèyàn tó ju 70 lọ rojọ́ lẹ́nu ara wọn. Ẹ dé ibi tí wọ́n ti yìnbọn ní ilé Bob ní December 1976, kí ẹ wo bí ẹlẹ́rìí kan ṣe ń sọ tirẹ̀ tí òmíràn ń sọ tirẹ̀. Èmi fara mọ́ Steffens. Ẹni tí kò mọ ìtàn náà rárá ni kó kọ́kọ́ ra White.

Ẹ̀sìn Rasta, tó bẹ̀rẹ̀ ní Jàmáíkà, ńkọ́? Rastafari: Roots and Ideology tí Barry Chevannes kọ lọ́dún 1994 ni. Ọmọ Jàmáíkà ni, olùkọ́ yunifásítì, ó jókòó ti àwọn àgbà Rasta gbọ́ tẹnu wọn. Ó gbẹ díẹ̀, torí ìwé ọ̀mọ̀wé ni, ṣùgbọ́n ibi tó ti sọ̀rọ̀ irun nìkan tó owó rẹ̀. Ó ní àwọn ọ̀dọ́ Youth Black Faith, ẹgbẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1949, ló sọ dàda di àmì ẹ̀sìn. (Lọ́dọ̀ tiwa, wọ́n ń bí Dàda ni, tiwọn, wọ́n yàn án.)

Ẹ̀yin tí ọ̀rọ̀ àwámáridìí ń wù, The Sign and the Seal ti Graham Hancock, ọdún 1992, ni wọ́n á kọ́kọ́ nà sí yín. Ó ní wọ́n gbé Àpótí Májẹ̀mú láti Jerúsálẹ́mù lọ sí erékùṣù Elephantine ní Íjíbítì, kó tó dé adágún Tana ní Etiópíà, kó tó wọ ìlú Axum níbẹ̀. Tẹ́ńpìlì àwọn Júù wà ní Elephantine lóòótọ́. Pé Àpótí dé ibẹ̀ ni kò ní ẹ̀rí. Hancock alára dé Axum, ẹni tó ń ṣọ́ ohun tí wọ́n ní ó jẹ́ Àpótí náà ò jẹ́ kó rí i. Ẹ kà á bí ìwé ìrìn àjò, ẹ ó gbádùn rẹ̀.

Ìtàn tó fi ṣe ìdí ọ̀rọ̀ ńkọ́? Inú Kebra Nagast, ìwé àtijọ́ Etiópíà, ló wà: Menelik, ọmọ tí ọbabìnrin Ṣébà bí fún Sólómọ́nì, àtàwọn tó bá a rìn ló gbé Àpótí wá sí Etiópíà. Ìran yìí ni Haile Selassie, ọba Etiópíà tí àwọn Rasta ń bọlá fún bí Ọlọ́run, ní òun ti wá, ìdí nìyẹn tí Rasta fi ń kà á. Ẹ̀dà kúkúrú tí Gerald Hausman ṣe lọ́dún 1997 rọrùn fún ọ̀dọ́. Ìtumọ̀ Wallis Budge ti 1922, tó kún, wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ má sanwó fún un. Ẹ fi owó yẹn kún ti Chevannes.