Búrọ́ọ̀ṣì, agbada tàbí ẹ̀rọ: èwo ni kí ẹ rà fún àwo orin àtijọ́?

Ẹ wádìí ohun tí wọ́n fi ṣe àwo yín kí ẹ tó ra ohun tí ẹ óò fi fọ̀ ọ́. Shellac, ìyẹn oje kòkòrò kan tó máa ń le, ni wọ́n fi ṣe ọ̀pọ̀ àwo 78, èyí tó ń yí po ní ìgbà 78 ní ìṣẹ́jú kan. Vinyl, irú ike kan, ni LP (àwo tí orin ojú rẹ̀ gùn) tí ilé-iṣẹ́ Columbia gbé jáde ní 1948. Sípírítì ń yọ́ shellac, nítorí náà oògùn ìfọ̀ tó bá ní in nínú kò gbọdọ̀ kan àwo 78. Òdìkejì ni Diamond Disc, irú àwo àtijọ́ kan ti Edison: omi ni ọ̀tá rẹ̀, torí ó ń wú láti inú, sípírítì ni àwọn olùkójọ fi ń nù ún.

Búrọ́ọ̀ṣì carbon, èyí tí irun rẹ̀ jẹ́ fọ́nrán carbon, ló rọjú jù. Eruku ojú àwo nìkan ló ń kó. Kò lè mú ọ̀rá ìka kúrò.

Agbada ìfọ̀ bíi Spin-Clean ń fọ ojú méjèèjì lẹ́ẹ̀kan, ọwọ́ lẹ ó sì fi máa yí àwo náà. Owó rẹ̀ kò pọ̀ lójú mi. Àmọ́ ìdọ̀tí àwo àkọ́kọ́ wà nínú omi tí ẹ ó ki èkejì bọ̀; ẹ máa pààrọ̀ omi náà lemọ́lemọ́, kí ẹ sì ṣọ́ bébà àárín àwo.

Ẹ̀rọ afàmu, bíi ti VPI tàbí Okki Nokki, ni èmi fara mọ́ jù fún àwo 78. Ó ń fa omi jáde pẹ̀lú ìdọ̀tí kí ó tó gbẹ sínú ipa abẹ́rẹ́, ohun tí aṣọ ìnuwọ́ kò lè ṣe dáadáa. Ariwo rẹ̀ pọ̀, lóòótọ́. Ohun tí ọ̀pọ̀ olùrà kì í bèèrè ni gígùn ọ̀pá tó ń fàmu: ínǹṣì 10 ni ọ̀pọ̀ àwo 78, ínǹṣì 12 sì ni LP. Bí ihò ọ̀pá bá gùn ju àwo lọ, afẹ́fẹ́ á gba ibẹ̀ wọlé, omi á sì kù sílẹ̀. Ẹ bèèrè bóyá wọ́n ń ta ọ̀pá kúkúrú.

Ẹ̀rọ ultrasonic bíi Degritter ń fi ìró tí etí kò lè gbọ́ dá ìfóófòó wẹ́wẹ́ sínú omi, ìyẹn ló ń tú ìdọ̀tí níbi tí irun búrọ́ọ̀ṣì kò lè dé. Fún vinyl, kò lẹ́gbẹ́. Ṣùgbọ́n ó gbówó lórí gan-an. Èmi kì í fi àwo shellac tó ti sán sínú rẹ̀.

Èyí ó wù kí ẹ rà, omi distilled, ìyẹn omi tí wọ́n ti yọ iyọ̀ àti ìdọ̀tí inú rẹ̀ kúrò, ni kí ẹ lò, kí ẹ sì ra àpò tuntun mọ́ ọn. Eruku wà nínú àpò àtijọ́.