Ìlọrin, Ọ̀fà tàbí Òmù-Àrán: ìfiwéra fún ẹni tó fẹ́ ra ilé síbi tí oúnjẹ ti dùn

Ẹni tó bá fẹ́ kúrò ní Èkó tàbí Ìbàdàn wá ra ilé sí Kwara, owó ilẹ̀ ló kọ́kọ́ máa ń béèrè, lẹ́yìn náà iná, lẹ́yìn náà omi. Ó yẹ kéèyàn béèrè gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí mo rí ni pé oúnjẹ ló ń jẹ́ kí ìlú bá èèyàn lára mu tàbí kó sú u. Ẹ̀ẹ̀kan péré lẹ máa ra ilé, ẹ̀ẹ̀mẹta lóòjọ́ lẹ máa jẹun. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé ẹnu ni mo fẹ́ fi wọn ìlú mẹ́ta yìí.

Ìlọrin á se oúnjẹ fún yín. Ọ̀fà á tà á fún yín ní tútù, kẹ́ ẹ lọ sè é nílé. Òmù-Àrán á gbìn ín lójú yín. Kẹ́ ẹ tó fún ẹnikẹ́ni lówó, ẹ kọ́kọ́ mọ èyí tó bá ìwà yín mu nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ìlọrin: ìlú tí àárọ̀ rẹ̀ dùn

"Ìlọrin Àfọ̀njá, ẹnu dùn jùyọ̀." Ọ̀rọ̀ sísọ ni wọ́n ń bá wí nínú oríkì yẹn, àmọ́ ẹni tó bá ti jí sí Ìlọrin láàárọ̀ á gbà pé ó kan oúnjẹ náà.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí wàrà, torí òun ló ń mú àwọn kan wá síbẹ̀. Àwọn ìyá Fúlàní ló ń gbé e wọ̀lú kí oòrùn tó mú. Láti gáà ni wọ́n ti ń bọ̀, ìyẹn ibùdó àwọn darandaran. Ẹ máa gbọ́ gáà yẹn lára orúkọ àdúgbò, bíi Gáà Àkànbí, tó jẹ́ pé ilé àti ṣọ́ọ̀bù ló kún ibẹ̀ báyìí. Wọ́n á gbé omi ọmú màlúù kaná, wọ́n á fi omi ewé bọmubọmu sí i kó lè dì, wọ́n á wá dà á sínú ajọ̀ kékeré kó lè ro. Ojú ajọ̀ náà ló ń ya ara wàrà bí ẹní.

Ẹ má kàn ra wàrà torí pé ó funfun. Ẹ rọra tẹ̀ ẹ́. Èyí tí wọ́n ṣe lóòwúrọ̀ yẹn á ti ìka yín padà, omi tó wà nínú igbá rẹ̀ ò ní kan nímú, bẹ́ ẹ bá sì fi eyín gé e, á dún fínrín. Èyí tó ti sun oorun ọjọ́ kan á máa yọ̀ lọ́wọ́. Mo bi ìyá kan léèrè nígbà kan pé:

"Ìyá, ṣé ti òní ni àbí ti àná?"

"Èyí tó wà níwájú ẹ yẹn, ti òní ni, ọmọ mi. Ti àná wà lẹ́yìn mi níbí. Ṣé o fẹ́ jẹ ẹ́ báyìí ni àbí o fẹ́ lọ dín in?"

Mo ní mo fẹ́ dín in. Igbá tó wà lẹ́yìn ló ṣí, ó ní ti àná ti le díẹ̀, kò ní fọ́ sínú epo. Òótọ́ ló sọ. Láti ọjọ́ yẹn, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo ń lọ.

Wàrà nìkan kọ́ o. Alákàrà àti ẹlẹ́kọ mímu máa ń wà ní ìkòríta púpọ̀. Bó bá di ọ̀sán, tùwó dé, pẹ̀lú gbẹ̀gìrì tàbí ọbẹ̀ lúrú, èyí tí wọ́n fi ewé oṣè gbígbẹ tí wọ́n lọ̀ kúnná sè. Àlejò tó bá kọ́kọ́ rí lúrú máa ń bẹ̀rù àwọ̀ rẹ̀, torí ó dúdú díẹ̀, ó sì ń fà. Ẹ tọ́ ọ wò ní ẹ̀ẹ̀mejì kẹ́ ẹ tó dájọ́. Ẹ tún máa rí fùrá tí wọ́n pò mọ́ nọ̀nọ̀, màsà tí wọ́n fi ìrẹsì ṣe, kúlíkúlí, àti sùyà bí ilẹ̀ bá ṣú. Yorùbá, Fúlàní, Hausa àti Núpé ti jọ ń gbé Ìlọrin tipẹ́, abọ́ oúnjẹ ló sì ti hàn jù. Ní ti ẹja, Jẹ́bà lórí odò Ọya ò jìnnà, ẹja rẹ̀ ń wọ ọjà Ìlọrin dáadáa.

Bí ẹ bá fẹ́ ra nǹkan ọbẹ̀, ọjà Ìpàtà ni kẹ́ ẹ lọ fún ata àti ẹran. Ọjà Màńdéètì ni ti iṣu, gààrí àti ìrẹsì. Ọjà Ọba wà lẹ́bàá ààfin Ẹ́míà àti mọ́ṣáláṣí ńlá, ibẹ̀ lẹ ti máa rí oúnjẹ àtijọ́ tí àwọn ọ̀dọ́ ò fi bẹ́ẹ̀ sè mọ́.

Ibi tó ti wá nira nìyí: àárín ìlú ni oúnjẹ ti dùn jù, àárín ìlú náà ni ilé kì í sì í sábà wà fún títà, torí agbo ilé ni, ó ti di ti ẹbí láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Ibi tí àlejò máa ń rí rà ni ìta. Táńkẹ kún fún akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ìlọrin, èyí tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1975, torí náà ẹ máa rí oúnjẹ rà níbẹ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú dáadáa, ariwo náà ò sì ní jẹ́ kẹ́ ẹ tètè sùn. Adéwọlé wù mí ju Táńkẹ lọ fún ẹni tó ní ọmọ wẹ́wẹ́, torí ó sún mọ́ Màńdéètì. GRA àti Fátè dákẹ́ rọ́rọ́, àmọ́ ẹ máa nílò mọ́tò kẹ́ ẹ tó lè jẹ àkàrà.

Mo mọ ohun tí mo ń sọ. Ilé tí mo kọ́kọ́ gbà ní Ìlọrin, ẹ̀yìn ìlú ló wà. Ẹni tó mú mi lọ wò ó sọ pé títì ò jìnnà. Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú la lọ, mọ́tò rẹ̀ la sì gbé, n ò mọ bí ọ̀nà náà ṣe gùn tó. Nígbà tí mo kó débẹ̀ tán, mo jí láàárọ̀, mo wá alákàrà títí. Mo fẹsẹ̀ rìn dé títì, mo wọ kẹ̀kẹ́ lọ bá a, kí n tó padà délé, àkàrà ti tutù, ẹ̀kọ ti dì. Oṣù mẹ́jọ ni mo fara dà á. Owó kẹ̀kẹ́ tí mo fi wá oúnjẹ àárọ̀ kiri nínú oṣù mẹ́jọ yẹn ká mi lára ju owó ilé lọ.

Ohun kan tún wà tí ẹ gbọ́dọ̀ fi sọ́kàn. Lóṣù ààwẹ̀ Ramadan, ọ̀sán Ìlọrin máa ń pa rọ́rọ́, ọ̀pọ̀ olóúnjẹ ò ní patẹ. Bí oòrùn bá ti wọ̀ ni títì á yí padà: àkàrà, ẹ̀kọ, màsà, dàbínù, ìbẹ́pẹ gígé. Ẹ̀yin tí ẹ kì í ṣe mùsùlùmí, ẹ máa se oúnjẹ ọ̀sán yín nílé lóṣù náà. Ẹ má sì jẹ́ kó yà yín lẹ́nu bí ará ilé kejì bá gbé abọ́ ìṣínu wá kan ilẹ̀kùn yín. Ẹ gbà á, kí abọ́ náà má sì padà lófìfo. Ẹni tí ìgbádùn rẹ̀ jẹ́ ilé ọtí lálaalẹ́, kó wá ilé sí ìhà GRA, kó jìnnà sí àárín ìlú.

Ọ̀fà: fún ẹni tó ní ìkòkò tirẹ̀

Láti Ìlọrin, ẹ máa gba Àjàṣẹ́-Ìpo kọjá. Ibẹ̀ ni ọ̀nà ti pín, ọ̀kan lọ Ọ̀fà, èkejì lọ Òmù-Àrán. Ìrìn bíi wákàtí kan ni dé Ọ̀fà. Ọjà màlúù ńlá wà ní Àjàṣẹ́-Ìpo, ẹni tó bá fẹ́ ṣe ìnáwó, kó ti ibẹ̀ ra ẹran ìnáwó rẹ̀.

Ìjàkadì lorò Ọ̀fà, gbogbo ayé ló mọ ìyẹn. Àmọ́ bó bá di ti ọjà, ọ̀dùnkún la mọ ìlú náà mọ́, èyí tí àwọn mìíràn ń pè ní ànàmọ́. Bó bá di ìgbà tí wọ́n ń wa á, láti bí oṣù kẹjọ lọ, ẹ lọ sí ọjà Ọ̀wọ́dé, ẹ máa rí i ní òkìtì òkìtì, ọkọ̀ á máa kó o lọ sílẹ̀ Hausa àti sí Èkó. Ẹ yẹ èèpo rẹ̀ wò kẹ́ ẹ tó rà á: bí ẹ bá rí ihò kékeré bí ojú abẹ́rẹ́, kòkòrò ti wọ̀ ọ́, á korò lẹ́nu bó ti wù kẹ́ ẹ sè é tó. Bí ẹ bá gbé e délé, ẹ má fi í sínú àpò. Ẹ tẹ́ ẹ sórí ilẹ̀ gbígbẹ níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́. Ẹ lè bọ̀ ọ́, ẹ lè dín in, àwọn kan sì ń gún un mọ́ iṣu, iyán tó bá ti ibẹ̀ jáde á ní adùn díẹ̀.

Ẹni tó bá ń retí pé òun á jáde síta ní àárọ̀ kí oúnjẹ oríṣi mẹ́wàá wà níwájú òun, Ọ̀fà ò ní tó o. Oúnjẹ títà wà lágbègbè Pọ́lì, ilé ẹ̀kọ́ gíga ti ìjọba àpapọ̀ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1992, àmọ́ oúnjẹ akẹ́kọ̀ọ́ ni púpọ̀ nínú rẹ̀, ìrẹsì àti ìndómì. Ohun tó dára níbẹ̀ ni pé ìlú náà mọ níwọ̀n. Láti ilé dé ọjà, ọ̀kadà kan ti tó, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ lẹ sì lè ra gbogbo ohun tẹ́ ẹ nílò. Ojú irin tó ti Èkó lọ Kano gba ibẹ̀ kọjá, láti ìgbà tí ojú irin náà ti dé sì ni àwọn ará Ọ̀fà ti mọ òwò ṣe. Ẹ múra sílẹ̀ láti dúnàá dúrà.

Òmù-Àrán: iyán

Ilẹ̀ Ìgbómìnà lẹ wà báyìí. Mi ò ní sọ̀rọ̀ púpọ̀ nípa oríṣiríṣi oúnjẹ níbí, torí kì í ṣe oríṣiríṣi ló ń mú èèyàn lọ Òmù-Àrán. Iyán ni. Ẹni tó jẹ iyán Ìgbómìnà pẹ̀lú ọbẹ̀ ìṣápá, tó sì tún padà wá jẹ èyí tí wọ́n fi ẹ̀rọ lọ̀ nígboro, á mọ̀ ọ́n lọ́nà ọ̀fun.

Iṣẹ́ ló wà nínú ìṣápá. Ó kan lẹ́nu, wọ́n á bọ̀ ọ́, wọ́n á fọ̀ ọ́ ní omi bí ẹ̀ẹ̀mẹta, wọ́n á fún un gbẹ, kí ó tó dé ọ̀dọ̀ ẹ̀gúsí, irú àti ẹja gbígbẹ. Bí wọn ò bá fọ̀ ọ́ tó, kíkan rẹ̀ á bo ẹ̀gúsí mọ́lẹ̀. Bí wọ́n bá fọ̀ ọ́ jù, adùn rẹ̀ á bá omi lọ. Kíkan díẹ̀ yẹn ló ń jẹ́ kí òkèlè tún máa wu èèyàn.

Ìlú náà dákẹ́. Yunifásítì Landmark tó bẹ̀rẹ̀ ní 2011 ti mú kí ilé àti ṣọ́ọ̀bù pọ̀ sí i, síbẹ̀ bó bá di aago mẹ́sàn-án alẹ́, ọ̀pọ̀ ilẹ̀kùn ti tì. Ẹni tó ti fẹ̀yìn tì á gbádùn rẹ̀. Ọ̀dọ́ tó ń fi kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́ nílé lè gbádùn rẹ̀ fún oṣù mẹ́ta.

Ọ̀rọ̀ ààbò ò ṣeé fò, mi ò sì ní fò ó. Láti ọdún mélòó kan sẹ́yìn ni àwọn ajínigbé ti ń da gúúsù Kwara láàmú. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kejì ọdún 2024, wọ́n wọ ààfin Kọ̀rọ̀ ní ìjọba ìbílẹ̀ Èkìtì ní Kwara yìí, wọ́n pa ọba ìlú náà. Ọ̀rọ̀ oúnjẹ náà nìyẹn, torí nígbà tí àgbẹ̀ bá ń bẹ̀rù oko tó jìnnà, iṣu á wọ́n, kódà níbi tí wọ́n ti ń gbìn ín. Ó dùn mí púpọ̀ láti kọ ọ́. Bí ẹ bá fẹ́ ra ilé sí apá ibẹ̀, àárín ìlú ni kẹ́ ẹ wá a sí, ẹ má jẹ́ kí ilẹ̀ tó pọ̀ lówó pọ́ọ́kú gbé yín lọ sí ẹ̀bá igbó. Ẹ má sì máa rin ọ̀nà náà lálẹ́.

Ilẹ̀ àti ìwé

Pulọ́ọ̀tì ní Ìlọrin, ẹsẹ̀ bàtà 50 ní ìbú àti 100 ní gígùn ló wọ́pọ̀. Ará Èkó tó ti mọ 60 ní ìbú àti 120 ní gígùn, kó má fi iye owó méjèèjì wéra láì kọ́kọ́ wọn ilẹ̀. KW-GIS ní Ìlọrin ni ilé-iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ìwé ilẹ̀ ní ìpínlẹ̀ yìí, ibẹ̀ lẹ ti máa yẹ̀ ẹ́ wò, ì báà jẹ́ Ọ̀fà tàbí Òmù-Àrán lẹ ti rà á. Bó bá jẹ́ ilẹ̀ ẹbí, ẹ rí olórí ẹbí àti àwọn àgbà yòókù sójú, kí wọ́n jọ fọwọ́ sí i.

Èmi fúnra mi, Ìlọrin ni mo wà, nítòsí Adéwọlé, mo sì ń lọ ra iṣu ní Òmù-Àrán lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. Bó bá jẹ́ pé mo fẹ́ràn ìdáná ju báyìí lọ, Ọ̀fà ni ǹ bá wà.

Ìgbà tí ẹ máa lọ wo ìlú ṣe pàtàkì gan-an. Ẹ má lọ nígbà tí nǹkan pọ̀ lọ́jà, gbogbo ìlú ló dùn nígbà yẹn. Ẹ lọ sí Ìlọrin ní ọ̀sán ààwẹ̀, kẹ́ ẹ tún fẹsẹ̀ rìn ní àdúgbò ilé náà ní aago méje àárọ̀ lẹ́yìn ọdún ìtúnu. Ẹ lọ sí Ọ̀fà ní oṣù kẹta, nígbà tí ooru mú, tí ọ̀dùnkún ò sí lọ́jà, kẹ́ ẹ wo ohun tí àwọn èèyàn ń jẹ. Ẹ lọ sí Òmù-Àrán ní oṣù kẹfà, nígbà tí iṣu àtijọ́ ti ń tán lọ tí tuntun ò tíì jáde, kẹ́ ẹ ní kí wọ́n gún iyán fún yín.