Ikọ̀ tó ń sáré dé ilé àwọn ogunléndé: iṣẹ́ wọn dára, àfi ibi kan

Iṣẹ́ mi ni kí n máa bá àwọn ìdílé ogunléndé lọ sí ọ́fíìsì àti ilé ìwòsàn. Bí nǹkan bá dàrú lóru, ikọ̀ kan wà tí mo máa ń pè, tó máa ń wá bá ẹni tí ọkàn rẹ̀ dàrú nílé.

Nígbà tí mo pè wọ́n kẹ́yìn, ọkùnrin kan ló gbọ́ lórí fóònù pé wọ́n ti pa àbúrò rẹ̀ ní ìlú tí wọ́n ti sá wá, ló bá ń forí gbá ògiri. Òṣìṣẹ́ méjì ló wá, ọkùnrin kan, obìnrin kan. Wọn ò wọ aṣọ ìjọba. Ó tẹ́ mi lọ́rùn, torí ẹni tó sá fún sójà, yúnífọ́ọ̀mù lásán tó láti mú un sá wọ yàrá.

Ọmọbìnrin àgbà nínú ìdílé náà gbọ́ èdè ibi tí wọ́n wà dáadáa, síbẹ̀ àwọn òṣìṣẹ́ náà kọ̀ láti fi ṣe ògbufọ̀. Ta ló fẹ́ kí ọmọ máa fẹnu ara rẹ̀ sọ pé bàbá òun fẹ́ kú? Ògbufọ̀ orí fóònù ni wọ́n fẹ́ lò, ṣùgbọ́n wọ́n kọ́kọ́ bi ìyàwó ọkùnrin náà bóyá ọkùnrin ló fẹ́ àbí obìnrin, àti bóyá ẹnì kan wà tí kò fẹ́ kó gbọ́. Ó ní òun ò fẹ́ ará ìlú àwọn rárá, kí ọ̀rọ̀ má baà délé. Ó pẹ́ kí wọ́n tó rí ẹlòmíì. Wọ́n jókòó dúró.

Wọn ò ní kí ọkùnrin náà ròyìn ogun. Ìlànà ìrànwọ́ àkọ́kọ́ fún ẹni tí ìdààmú ọkàn bá, tí WHO, àjọ ìlera àgbáyé, àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ gbé jáde lọ́dún 2011, ní kí èèyàn wò, kó tẹ́tí, kó sì so onítọ̀hún mọ́ ẹni tó lè ràn án lọ́wọ́. Ohun tí mo rí gan-an nìyẹn. Wọ́n bi í tààrà bóyá ó ń ronú láti pa ara rẹ̀. Wọ́n tún bi í ta ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ máa ń wọ̀ ọ́ létí. Ó dárúkọ àgbàlagbà kan tí wọ́n jọ ń gbàdúrà, wọ́n sì pe bàbá náà lóru yẹn.

Ibi tó kù sí nìyí: ẹlòmíì ni wọ́n rán wá lẹ́yìn náà, pẹ̀lú fọ́ọ̀mù, ó sì ní kí ọkùnrin náà sọ gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọkùnrin náà dìde, ó wọlé lọ. Ó dùn mí gan-an. Màá ṣì máa pè wọ́n. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá fẹ́ pè wọ́n, ẹ béèrè lóru ọjọ́ náà ẹni tó máa padà wá, kí ẹ sì ní kí wọ́n kọ ohun tí ìdílé ti sọ sílẹ̀ fún un.